Ọkọ̀ Kejìlá

Búlọ́ọ̀kù tó já lára ògiri kò ba Sàfúrátù, ìrọ̀rí ló bà. Ṣùgbọ́n ìrọ̀rí tirẹ̀ ni o! Ibi tí orí rẹ̀ máa ń wà gan-an ni. Bí kì í bá ṣe pé ó ti dìde lọ ṣe àlùwàlá, ọ̀tọ̀ lohun tí à bá máa sọ lónìí. Tírélà kan tó gbé kọ̀ǹténà ló ń fẹ̀yìn rìn wọ àdúgbò láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ó gun orí gọ́tà, ilẹ̀ mì tìtì, ògiri tó ti ń sán díẹ̀díẹ̀ láti ọdún mẹ́ta sì ní ó tó gẹ́ẹ́.

Sàfúrátù kò pariwo. Ẹni tó bá ń pariwo ṣì nírètí pé ẹnìkan máa gbọ́ ni. Ó palẹ̀ aṣọ rẹ̀ mọ́ sínú báàgì, ó mú oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀, ó gbé ìkòkò irin tó fẹ́ràn jù dání, ó sì dúró lẹ́nu ọ̀nà.

“Bàbá Roqeebah, mo ń lọ sọ́dọ̀ ọmọ mi ní Ire-Akari. Ọjọ́ tí àwọn tírélà bá kúrò ládùúgbò yìí, kí ẹ wá mú mi. Bí wọn ò bá tíì kúrò, ẹ má wulẹ̀ dààmú ara yín.”

“Ìyá Roqeebah, ṣé èmi ni mo wa ọkọ̀ ọ̀hún ni?”

Sàfúrátù gbé báàgì lé èjìká, ó lọ.

Ọdún méjìdínlógójì ni wọ́n ti jọ ń gbé! Wọ́n ti jà, wọ́n ti parí rẹ̀, wọ́n ti bá ara wọn yodì fún odindi oṣù kan rí, ṣùgbọ́n obìnrin náà kò kó ẹrù jáde nílé ọkọ rẹ̀ rí. Bùràímọ̀ Àjàmú jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó gbé búlọ́ọ̀kù náà lé itan, ó ń wò ó. Ó ní, “Ká ní obìnrin yìí sùn gbàgbé ńkọ́?” Nígbà tó fi máa dìde, ó ti pinnu: àwọn tírélà yìí máa lọ, ìyàwó òun sì máa wálé.

Ẹni tí kò bá mọ Bàbá Àjàmú lè rò pé ẹnu lásán ni. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin, ogójì ọdún nínú rẹ̀ ló sì fi wa ọkọ̀ akẹ́rù. Láti Ṣakí dé Màídúgùrì, kò sí ọjà iṣu tàbí ọjà ẹ̀wà tí kò tíì já ẹrù sí rí. Orúnkún òsì rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kú nídìí títẹ kílọ́ọ̀ṣì, ṣùgbọ́n agídí rẹ̀ kò dín. Nígbà tó ń wakọ̀, bó bá ti ní òun ń lọ sí Kánò, tí wọ́n bá sọ fún un pé afárá já, á ní ṣebí afárá ló já, ọ̀nà ò já.

Òpópónà Ṣọ̀fọlúwẹ̀ tí wọ́n ń gbé ní Ìsọlọ̀ kò sì fẹ̀. Ẹnu kan ṣoṣo ló ní, kánáàlì ló dí ìdí rẹ̀. Àwọn tírélà tó ń dúró kí wọ́n pè wọ́n sí èbúté Apapa ló sọ ibẹ̀ di gáréèjì. Ọ̀kan lè dúró ọjọ́ mẹ́wàá. Awakọ̀ á máa sáṣọ sórí okùn tó so mọ́ fèrèsé onílé, wọ́n á máa dáná lábẹ́ ọkọ̀, epo dúdú á máa ṣàn lọ sẹ́nu ọ̀nà ẹni ẹlẹ́ni. Kẹ̀kẹ́ Márúwá kì í wọlé mọ́. Bí o bá ra àpò ìrẹsì, orí lo máa fi rù ú láti títì. Àwọn ọmọ iléèwé ń fi ẹ̀gbẹ́ rìn bí akàn láàárín táyà àti ògiri, ìyá wọn á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á máa pe Ọlọ́run títí wọ́n á fi jáde.

Lọ́jọ́ Ajé, Bàbá Àjàmú wọ bùbá àti ṣòkòtò tó ti lọ̀, ó lọ sí ọ́fíìsì àwọn tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ojú pópó. Obìnrin tó bá níbẹ̀ gbọ́ ọ délẹ̀.

“Bàbá, ẹ lọ kọ lẹ́tà wá lórúkọ àdúgbò. Ẹ kọ nọ́ńbà gbogbo ọkọ̀ ńlá tó ń páàkì níbẹ̀ sí i, ẹ má yọ ọ̀kankan sílẹ̀ o, kí àwọn onílé sì fọwọ́ sí i. Òun la máa dì mú tá a bá dé ibẹ̀.”

“Ìyẹn nìkan? Wọ́n ti kúrò nìyẹn!”

Kẹ́milọ́lá ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àdúgbò. Kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, ilé ìtẹ̀wé kan ní Mafoluku ló ti ń ṣiṣẹ́, kì í sì í gba gbẹ̀rẹ́. Nígbà tó di Sátidé, òun àti Bàbá bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu títì. Bàbá Àjàmú ń ka nọ́ńbà sókè ketekete, Kẹ́milọ́lá ń kọ ọ́ sínú ìwé. Àwọn awakọ̀ ń yọrí lójú fèrèsé, wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

“Ẹ máa rẹ́rìn-ín lọ,” ni Bàbá ń wí fún wọn, “ó ku díẹ̀ kí ẹnu yín pa dé.”

Nígbà tí wọ́n dé ìdí kánáàlì, ó nu òógùn ojú. “Mọ́kànlá. Lọ bá wa tẹ̀ ẹ́.”

“Méjìlá ni, sà.”

“Mọ́kànlá ni. Tún un kà.”

Kẹ́milọ́lá tún un kà. Ó fi bírò tọ́ka sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó wá na bírò ọ̀hún sí iwájú ilé Bàbá Àjàmú fúnra rẹ̀. “Èyí ńkọ́, Bàbá?”

Bàbá bú sẹ́rìn-ín. “Èyí wo? Kẹ́mi, ìyẹn kì í ṣe ọkọ̀ tó páàkì. Ilé ẹ̀ nìyẹn.”

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú u. Awakọ̀ nìkan ló lè ṣe irú àṣìṣe yìí. Lọ́rì Bẹ́ńsì onípákó ni, àwọn àtijọ́ tí imú wọn gùn síwájú, wọ́n kọ SÙÚRÙ LÉRÈ gàdàgbà sí iwájú orí rẹ̀. Ọdún 1998 ló gbé e wọ àdúgbò náà. Kò sí ọkọ̀ ńlá kankan níbẹ̀ nígbà náà. Odindi àgbò làwọn ará àdúgbò bá a pa, wọ́n ní àdúgbò àwọn náà ti ní olówó. Lọ́rì náà ló kọ́ ilé, òun ló rán Roqeebah ọmọ wọn níléèwé. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wá dákẹ́ ní ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn, ó sì jókòó síwájú fèrèsé yàrá, koríko hù yí táyà rẹ̀ ká, adìyẹ ń yé sábẹ́ rẹ̀. Kò sí àárọ̀ tí Bàbá Àjàmú kì í fi àkísà nù ún lójú. Ohun tí àwọn ẹlòmíràn gbé wá, ìyẹn ni tírélà. Tirẹ̀ kì í ṣe tírélà, Sùúrù ni tirẹ̀.

“Wọ́n ní ká má yọ ọ̀kankan sílẹ̀, sà.”

“Ọkọ̀ tí ò lè rìn! Ta ló dí lọ́nà?”

“Ọkọ̀ tí ò lè rìn ló ń dínà jù, Bàbá. Àwọn yòókù tiẹ̀ máa ń lọ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.”

Háà, ó bínú! Ó pè é ní ọmọ àná. Ó ní ẹ̀yìn mọ́tò yìí kan náà ni ìyá tó bí i lọ́mọ jókòó sí lọ ṣe ìnáwó ní Ẹ̀pẹ́, ó sì padà wálé pẹ̀lú ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì láìfarapa. Kẹ́milọ́lá kúnlẹ̀, ó bẹ̀ ẹ́ kó má bínú. Ṣùgbọ́n nígbà tó dìde, ó ní òun ò ní fi orúkọ òun sábẹ́ lẹ́tà tí irọ́ wà nínú rẹ̀. Ó pa ìwé rẹ̀ dé, ó bá tirẹ̀ lọ.

“Kò burú,” ni Bàbá Àjàmú wí. “Ká má kọ lẹ́tà. Èmi fúnra mi máa bá wọn sọ ọ́.”

Ohun tó fọkàn tán ni pé Oyèlékè ni olórí àwọn awakọ̀ náà, ọmọọṣẹ́ rẹ̀ sì ni Oyèlékè. Ọdún mẹ́fà ló fi kọ́ ọ nídìí Sùúrù, òun náà ló ṣe fúrídọ̀mù fún un nígbà tó kọ́ṣẹ́ tán. Nínú iṣẹ́ awakọ̀, ọ̀gá ẹni kì í tán lára ẹni. Oyèlékè ti lé ní àádọ́ta ọdún, ó ti ní tírélà méjì tirẹ̀, síbẹ̀ bó ti fojú kan Bàbá, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí ilẹ̀ tí epo ti sọ di dúdú.

“Dìde. Oyèlékè, ìyàwó mi ti kó jáde nílé.”

“Mo gbọ́, ọ̀gá. Ó dùn mí gan-an. Oúnjẹ Màmá ni mo jẹ dàgbà.”

“Bó bá dùn ọ́, kó àwọn èèyàn rẹ kúrò níbí.”

Oyèlékè wolẹ̀, ó họrí. “Ọ̀gá, ẹ má bínú sí ohun tí mo fẹ́ sọ o. Abẹ́ yín la sá sí. Onílé tó bá wá bá wa fa wàhálà, ohun tá a máa ń sọ ni pé kó wo mọ́tò tó wà níwájú ilé ọ̀hún yẹn, ti àgbà àdúgbò ni. Á wò ó, kò ní rí èsì fọ̀, á lọ. Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ gbé mọ́tò dé ibí. Àwa kàn tẹ̀ lé yín ni.”

Ọ̀rọ̀ náà gbá Bàbá Àjàmú lójú. Kò retí rẹ̀ láti ẹnu ọmọọṣẹ́ rẹ̀. “Bí mo bá gbé tèmi kúrò ńkọ́?”

Oyèlékè rẹ́rìn-ín, kì í ṣe ẹ̀rín ẹ̀gàn. Ta ni kò mọ̀ pé Bàbá Àjàmú ò lè fi Sùúrù sílẹ̀ láyé? “Ọ̀gá, ọjọ́ tí Sùúrù bá jáde ládùúgbò yìí, kò sẹ́ni tó máa dúró nínú wa. Mo fi Ọlọ́run búra.”

“O ti búra o.”

“Mo ti búra, ọ̀gá.”

Bàbá Àjàmú wọlé, ó gbé ẹ̀wà tó sè láàárọ̀ síwájú. Ẹ̀wà náà ò jinná, iyọ̀ sì ti pọ̀ jù nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀: òun tó ń ka ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ káàkiri, ó fo tirẹ̀ dá. Ibẹ̀ ló wà tí Roqeebah fi pè é lórí fóònù.

“Bàámi, ẹ káàsán o. Ṣé ẹ ti jẹun?”

“Mo ń jẹun lọ́wọ́. Ìyá rẹ ńkọ́?”

Roqeebah rẹ ohùn sílẹ̀. “Wọ́n ti lọ wo ṣọ́ọ̀bù kan lẹ́bàá ilé wa. Wọ́n ní àwọn fẹ́ máa ta aṣọ ọmọdé níbẹ̀. Bàámi, ó jọ pé Màámi ò gbèrò àtipadà mọ́.”

Ṣíbí bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ń wá ṣọ́ọ̀bù! Obìnrin tó ń wá ṣọ́ọ̀bù kì í ṣe ẹni tó wá kí ọmọ. Ó pa fóònù, ó jáde síta, ó lọ dúró níwájú lọ́rì rẹ̀, ó sì gbé ọwọ́ lé imú rẹ̀ gígùn náà. “Sùúrù,” ó ní, “o máa lọ.” Ojú rẹ̀ kún fún omi bó ti ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n ó sọ ọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ló mú ṣọ́bìrì. Táyà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ti rì sínú ilẹ̀ débi pé gbòǹgbò igi ti gba inú ọ̀kan kọjá. Ó ń wa ilẹ̀, ó ń gé gbòǹgbò, ó ń da òróró sí bíréèkì tó ti gan. Bí orúnkún bá ro ó, á jókòó, á bú orúnkún, á tún dìde. Àwọn ará àdúgbò ní ọgbọ́n ti ń dàrú mọ́ bàbá lọ́wọ́ látọjọ́ tí ìyàwó ti lọ. Ó tún ki ṣọ́bìrì bọlẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, táyà méjì gba atẹ́gùn, ọ̀kan bẹ́. Ó wá òmíràn rà.

Nígbà tí Kẹ́milọ́lá ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀, ó dúró, ó wò ó. Ó wọlé, ó gbé omi tútù wá, ó kúnlẹ̀ gbé e fún un. Bàbá mu ún tán.

“Ìwé tí o kọ nọ́ńbà sí yẹn, o ṣì ní in lọ́wọ́?”

“Mo ní in, sà.”

“Kọ nọ́ńbà Sùúrù sí i. Fi ṣe àkọ́kọ́, má fi ṣe ìkejìlá. Kí o wá tẹ̀ ẹ́ ní lẹ́tà, kí o mú un wá kí n fọwọ́ sí i.”

Kẹ́milọ́lá yọ bàtà ibi iṣẹ́ rẹ̀, ó mú garawa, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó yẹ̀pẹ̀ kúrò nídìí táyà. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, àwọn ọkùnrin àdúgbò tí ojú tì ti gbé ṣọ́bìrì tiwọn náà dé.

Ọjọ́ Tọ́sìdeè ni àwọn tó ń tú ọkọ̀ àlòkù tà, tí Bàbá ta Sùúrù fún, ní àwọn máa wá wọ́ ọ lọ. Ìgbà tí Oyèlékè gbọ́, ó sáré dé.

“Ta ni? Àjèjì fẹ́ fa mọ́tò ọ̀gá mi nígbà tí mo wà láyé? Ìyẹn ò ní ṣẹlẹ̀. Tèmi ló máa fà á.”

Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìdí kánáàlì ni ilé Bàbá wà, àwọn mọ́kànlá yòókù ló sì dí i mọ́ inú. Kò sí bí Sùúrù ṣe fẹ́ jáde àfi kí gbogbo wọn kọ́kọ́ jáde. Awakọ̀ kan kùn, Oyèlékè ní, “Mo ti fi Ọlọ́run búra. Ṣé o fẹ́ sọ mí di elékèé lójú ọ̀gá mi ni?” Láti aago mẹ́jọ àárọ̀ títí di ọ̀sán ni wọ́n ń jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn ọmọ ń patẹ́wọ́ fún wọn. Nígbà tó ku Sùúrù nìkan, Oyèlékè fẹ̀yìn tírélà tirẹ̀ wọlé padà, ó so ṣéènì mọ́ Sùúrù nímú, ó sì ṣílẹ̀kùn fún ọ̀gá rẹ̀.

Bàbá Àjàmú gun òkè. Ó di sítíárìn mú. Ọdún mẹ́sàn-án! Nígbà tí ṣéènì fa le, tí lọ́rì náà ké kíì, tó sún, ọwọ́ rẹ̀ rántí iṣẹ́. Ó darí rẹ̀ láàárín ilé sí ilé, kò jẹ́ kó fara kan ògiri ẹnikẹ́ni. Bó ti ń jáde ní ẹnu títì, àwọn awakọ̀ tó tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà fun fèrè fún un, gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Òun nìkan ló wà lókè níbẹ̀, nítorí náà kò sẹ́ni tó rí i bó ṣe ń sunkún.

Kó tó padà dé, Yẹ̀kínì, wẹ́dà tó ń jó irin ládùúgbò, ti de ọ̀pá irin dábùú ẹnu òpópónà. Bàbá fúnra rẹ̀ ló fún un ní gíga rẹ̀ lọ́jọ́ Túsìdeè, kí kẹ̀kẹ́ lè gba abẹ́ rẹ̀, kí tírélà má lè gbà á. Kò sí ẹni tó mọ gíga tírélà tó bàbá náà. Wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ sí i nítorí ọkọ̀ apanápaná, kọ́kọ́rọ́ ọ̀hún sì wà lọ́wọ́ Kẹ́milọ́lá àti alága ẹgbẹ́ àdúgbò. Ní ìrọ̀lẹ́, awakọ̀ ọ̀dọ́ kan, Olúwatóbi, gbé tírélà padà dé, ó ní òun ò mọ̀ pé títí láé ni. Bàbá Àjàmú lọ dúró sábẹ́ irin náà.

“Ọmọ mi, ìyá rẹ wà láyé?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá.”

“Ibi tó ń sùn ni kí o fẹ̀yìn ọkọ̀ sí.”

Olúwatóbi wo irin, ó wo bàbá arúgbó tó dúró sábẹ́ rẹ̀, ó yí ọkọ̀ padà. Lẹ́tà náà ṣì wọlé sí ọ́fíìsì láàárọ̀ ọjọ́ kejì, nítorí Kẹ́milọ́lá ní irin lè tẹ̀ ṣùgbọ́n ìwé á wà níbẹ̀.

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, Bàbá Àjàmú wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Ire-Akari. Kò ro ẹjọ́. Ó jókòó sí pálọ̀ Roqeebah, ó ní, “Ìyá Roqeebah, wọ́n ti lọ. O ní kí n wá mú ọ, mo ti wá.” Sàfúrátù wo ojú rẹ̀, ó wo èékánná rẹ̀ tí gíríìsì ti kún, ó wọlé lọ gbé báàgì.

Kẹ̀kẹ́ gbé wọn dé ẹnu ilé gan-an. Sàfúrátù sọ̀ kalẹ̀, kò sì rìn mọ́. Níbi tí Sùúrù máa ń wà, ilẹ̀ lásán ló wà níbẹ̀, ihò táyà mẹ́fà, oòrùn sì bo fèrèsé yàrá rẹ̀ látòkè délẹ̀.

“Mọ́tò yín ńkọ́?”

“Ó ti lọ.”

“Lọ síbo?”

“Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tú u tà.”

Ó fọwọ́ bo ẹnu. “Yé! Bàbá Roqeebah, mi ò ní kí ẹ gbé tiyín o! Tàwọn ará ìta ni mo sọ.”

“Ṣé tèmi ò dí ọ lọ́wọ́ ni? Òun ló bo fèrèsé rẹ. Òun ló pe àwọn yòókù wá.”

“Mo mọ̀. Látọjọ́ tó ti dákẹ́ ni mo ti mọ̀.”

“O mọ̀, o ò sọ fún mi? Ọdún mẹ́sàn-án, Sàfúrátù!”

Ó fi etí ìborùn nu ojú. Kò wò ó nígbà tó fèsì.

“Ẹ̀rù ló ń bà mí. Mo ní bí mo bá ní kí ẹ yan ọ̀kan nínú èmi àti mọ́tò, ẹ lè yan mọ́tò.”

Bàbá Àjàmú gba báàgì lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀, ó gbé e rù, ó sì ń tiro wọlé lọ níwájú rẹ̀, ẹkún ò jẹ́ kó rí ilẹ̀.